Ojú Ọmọ Mi Lára Wúrà Késárì

Ọjọ́ Fénúsì, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ sí ìlàjì Fẹ́búárì

Iṣẹ́ dé. Ọmọbìnrin Késárì tó kú lọ́jọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ti di òrìṣà láti àná. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìlú ló fọwọ́ sí i. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó fi orí ọmọ tirẹ̀ búra pé òun rí i tó ń ti inú iná gòkè lọ sọ́run, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Wọ́n sì fún un lẹ́bùn gọbọi. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Bàtà lẹ́sẹ̀! Ẹnu àgbàlagbà ò mọ ìtìjú.

Imú Idẹ — ọ̀gá wa nílé tí a ti ń tẹ owó Késárì, n kò ní kọ orúkọ rẹ̀ gan-an síbí — pe èmi nìkan sí kọ̀rọ̀. Ó ní owó wúrà ni. Orí ọmọ náà lójú kan, ẹyẹ ọ̀kín lójú kejì, orúkọ òrìṣà yí i ká. Kó délẹ̀ kí Máàṣì tó wọlé, torí ọjọ́ kìíní oṣù ni wọ́n máa pín in fún àwọn ẹ̀ṣọ́ lórúkọ Késárì tó wà lójú ogun. Ó ní, “Díókílì, kò sẹ́ni tó mọ ojú fín bíi tìrẹ níbí. Má dójú tì mí o.” Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ti yìn mí, ara mi á yá. Ara mi sì yá.

Òfin tuntun: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sunkún ọmọ náà, torí òrìṣà kì í ṣe òkú. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dunú ju bó ṣe yẹ lọ, torí ilé Késárì ṣòfò. Wọ́n ti mú oníbúrẹ́dì àdúgbò wa nítorí ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní àlùbọ́sà lòun ń gé. Láti ìgbà náà ni àlùbọ́sà ti wọ́n bí ojú. Gbogbo ilé ló ń rà á pamọ́ de ẹkún.

Ọjọ́ Oòrùn, ó ku ọjọ́ mẹ́fà sí ìlàjì Fẹ́búárì

Wọ́n gbé ìda tí wọ́n fi mú àwòrán ojú òkú náà wá fún mi. Kò wúlò. Àìsàn ti jẹ ojú rẹ̀ kí wọ́n tó da ìda lé e. Ojú ìyá arúgbó ni mo rí. Àwòrán kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe nígbà tó wà láyé, jòjòló ni, kò yàtọ̀ sí ìyẹ̀fun pípò.

Ni wọ́n bá rán ìyá tó fún un lọ́mú sí mi. Akántísì lorúkọ rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ojú gbẹ táútáú. Bí ẹkún bá ti fẹ́ yọ, á fi eyín mú etí aṣọ rẹ̀, á tún máa sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní imú ọmọ náà kéré, etí rẹ̀ yọ síta díẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, bí kò bá fẹ́ nǹkan, á gbé àgbọ̀n sókè, á wá fa ètè ìsàlẹ̀ wọnú. Níbẹ̀ gan-an lọmọ náà wà. Bí ẹ ò bá rí ibẹ̀ mú, ẹ ò tíì rí i.”

Mo fi ìda mọ ojú mẹ́rin níwájú rẹ̀. Kì í ṣe òun.

Ọjọ́ Òṣùpá, ó ku ọjọ́ márùn-ún

Méje lónìí. Kì í ṣe òun, kì í ṣe òun. Ṣé kí n tún un bí ni?

Ọjọ́ Mákúríù, ó ku ọjọ́ mẹ́ta

Mo ti rí i!

Nídìí oúnjẹ ni. Ìyàwó mi bu ẹ̀fọ́ fún Ológoṣẹ́. (Kálísì ni mo sọ ọ́, àmọ́ ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, kí ni kí n máa pè é?) Ọmọ wo ẹ̀fọ́, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó fa ètè ìsàlẹ̀ wọnú. Àkàrà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọdún mẹ́rin lòun náà. Lójú mi ló ti ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti mọ oúnjẹ kọ̀, mo sì ń wá ojú kiri bí afọ́jú.

Mo gbé e jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ níbi fèrèsé, mo ṣèlérí àkàrà olóyin. Ó ní imú ń yún òun. Mo ní kó má họ ọ́. Ó ní ṣé òun lẹni tí mò ń fín yìí. Mo ní rárá, òrìṣà ni. Ó ní ṣé òrìṣà máa ń jẹ ẹ̀fọ́. Mo ní n kò rò bẹ́ẹ̀. Ó ní òun náà ò jẹ ẹ́ mọ́ nìyẹn.

Tíríférà ìyàwó mi wọlé bá wa, ó wo irin tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo ọmọ. “Bàbá Ológoṣẹ́, kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ̀ ń kọ orúkọ òkú yí ojú alààyè ká?” Mo ní ta ló máa mọ̀, ojú tí kò tó èékánná àtàǹpàkò. Ó ní, “Ẹ̀yin ò mọ̀?” Ó ní bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ wa a ó jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, kí n fọ́ irin náà. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní obìnrin tó hun aṣọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò lè kọ́ mi níṣẹ́ irin. Ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lórí apẹ̀rẹ̀. Kò burú. Mo ti rí ètè náà mú.

Ọjọ́ Fénúsì, ìlàjì Fẹ́búárì

Irin jáde nínú iná, ó wọmi, kò sán. A gbé e sórí owú alágbẹ̀dẹ, a fi wúrà sí i, òòlù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó náà ṣì gbóná nígbà tí mo gbé e sójú oòrùn. Àgbọ̀n. Etí. Ètè. N kò ṣe iṣẹ́ tó dára tó báyìí rí, mi ò sì purọ́. Imú Idẹ dì mọ́ mi.

Àwọn ọjọ́ òkú bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìlú ti tú jáde lẹ́yìn odi lọ sí ibojì, pẹ̀lú búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú wáìnì, iyọ̀ àti òdòdó. Tíríférà lọ sí ti ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní àánú Olorì ń ṣe òun, aya Késárì. Gbogbo abiyamọ tí ọmọ wọn kú ló ń gbé oúnjẹ lọ bá ọmọ wọn lọ́sẹ̀ yìí, òun nìkan ni kò gbọdọ̀ lọ. Òrìṣà wo ló ní ibojì? Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí màá gbọ́ kí Tíríférà káàánú ẹnikẹ́ni nínú ilé tí wọ́n ti lò ó bí ẹrú.

Ọjọ́ Òṣùpá, ó ku ọjọ́ mẹ́rìnlá kí Máàṣì wọlé

Akántísì wá wo owó náà. Kò pariwo, èèwọ̀ ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ki aṣọ bọ ẹnu. Lẹ́yìn náà ló ní, “Òun nìyí.” Ó mú un lọ fún Olorì.

Kí oòrùn tó yẹ àtàrí, wọ́n ti rán ìránṣẹ́ padà. Olorì ti fi owó náà sáyà, kò fẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ń bèèrè ẹni tó fi ètè yẹn hàn mí. Ìdáhùn wà nílẹ̀: ìyá tó fún ọmọ lọ́mú ló sọ fún mi. Gbólóhùn kan, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n Imú Idẹ, tí mo ti sọ ọ́ fún, ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu: ọmọ bíbí inú Díókílì ló jókòó fún un, ọmọ náà wà láàyè, wọ́n jọra bí ìbejì! Ó ń wá ìyìn. Èmi náà ńkọ́? Mo dúró síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, àyà mi wú bíi ti ọ̀kín. N kò sọ pé irọ́ ni.

Ọjọ́ Júpítérì, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá

Wọ́n ní kí n mú ọmọ wá sí ààfin lọ́la. Olorì kàn fẹ́ rí i díẹ̀ ni. Tíríférà ní rárá. Mo bi í pé ta ni ká sọ rárá náà fún.

Ọjọ́ Sátúnì, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án

Ó lọ, ó bọ̀. Aṣọ ọmọ tó kú ni wọ́n wọ̀ fún un, wọ́n di irun rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń di irun ní ààfin. Ẹnu ò sinmi. Ó ní màmá kan gbé òun lẹ́sẹ̀. Màmá náà ń gbóòórùn orí òun. Ó pe òun lórúkọ kan, òun ní kì í ṣe orúkọ òun, ó ní kí òun ṣáà jẹ́ ẹ. “Mo jẹ́ ẹ, wọ́n fún mi ní àkàrà olóyin. Méjì!” Ìyá rẹ̀ bọ́ aṣọ náà kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó jù ú sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó fọ irun ọmọ náà títí ọmọ fi ní ó ń dun òun.

Ọjọ́ Oòrùn, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ

Àsè ẹbí òní. Lẹ́yìn ọjọ́ òkú, a máa ń jókòó ká ka àwọn alààyè tó ṣẹ́ kù. Ẹran kékeré, ẹ̀wà, wáìnì olómi. Àwa mẹ́ta péré, a kì í ṣe ẹlẹ́bí púpọ̀. A ò tíì jẹun ká tó kanlẹ̀kùn. Ìríjú ààfin ni, pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin tó gbé àga Olorì. Kò bẹ̀ wá, kò sì halẹ̀. Ó ní Olorì fẹ́ gba ọmọ sọ́dọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ológoṣẹ́ gun àga náà tayọ̀tayọ̀, ó ní kí n wá wo bí òun ṣe ga.

Ọjọ́ Júpítérì, ó ku ọjọ́ mẹ́rin

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ojú tì mí dáadáa.

Ipò ìyá lọmọ ń bá wá sáyé. Ẹrú Késárì ni Tíríférà nígbà tó bí Ológoṣẹ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n tú u sílẹ̀. Oṣù méjì péré! Nítorí náà ọmọ mi kì í ṣe ọmọ mi, ẹrù ilé Késárì ni. Ìwé ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní láti kọ, kí wọ́n tú ọmọ náà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ń rán mi létí láti ọdún mẹ́rin. Ọ̀la ni, mo máa ń sọ. Mo ń fín orí ẹlòmíràn lọ́wọ́, ọ̀la ni.

Mo gbé ìwé náà lọ lónìí. Ìríjú kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹrú Késárì padà sílé Késárì. Kí lẹ tún wá ń bèèrè, bàbá?”

N kò tíì lè sọ ohun tó wí fún Tíríférà. Ó sì ti mọ̀, torí kò bi mí.

Ọjọ́ Oòrùn, ọjọ́ kìíní Máàṣì

Wọ́n pín owó náà fún àwọn ẹ̀ṣọ́. Ẹgbàárùn-ún ẹyọ. Mo rí ọ̀kan nínú wọn tó ń gé tirẹ̀ jẹ wò bóyá wúrà gidi ni. Orí ọmọ mi ló ń fi eyín gé jẹ.

Ọjọ́ Júpítérì, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá sí ìlàjì Máàṣì

Akántísì bá mi ṣe é, mo dé ẹnu ọ̀nà ọgbà ààfin. Mo rí i. Ó ti rù. Olorì jókòó tì í, ó ń ya irun rẹ̀. Ológoṣẹ́ rí mi láàárín irin ọgbà, ó ní, “Bàbá mi nìyẹn!” Olorì kò gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá rẹ wà lójú ogun, yóò dé láìpẹ́.” Ọmọ gbé àgbọ̀n sókè, ó fa ètè rẹ̀ wọnú. Olorì fẹnu ko ètè náà. N kò lè kórìíra obìnrin náà tó bí mo ṣe fẹ́, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ọjọ́ Máàsì, ó ku ọjọ́ mẹ́fà

Késárì dé láti àgọ́ ogun lánàá. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un. Ó ṣẹ́ kọ̀rọ̀ ààfin, ó bá ọmọ rẹ̀ tí iná ti jó tán, nínú aṣọ rẹ̀ gan-an, tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó kígbe, ó fi aṣọ borí. Àwọn ẹrú ti ń kúnlẹ̀ fún ọmọ náà tẹ́lẹ̀, Akántísì ló sọ fún mi. Àwọn kan ní òrìṣà ti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan ní kò kú rí. Bí kò bá kú, kí ni àgbàlagbà yẹn rí tó ń gòkè? Kí ni ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí? Òrìṣà ò lè wà lọ́run kó tún máa jẹ búrẹ́dì nínú ọgbà. Akántísì ní wọ́n ń sọ ọ́ ní wúyẹ́wúyẹ́ pé nínú ojú méjì yìí, ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ: ti inú wúrà tàbí ti inú ọgbà.

Mo jókòó, mo fín irin mìíràn láàárọ̀ yìí. Imú gígùn, ẹnu lásán, ojú tí kò jọ ẹnikẹ́ni. Èyí tó burú jù tí mo ṣe láyé mi, mo sì ṣe é tọkàntọkàn. Mo gbé e lọ bá Imú Idẹ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kó bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n yọ́ ti àkọ́kọ́, kí wọ́n fi èyí dípò. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó fà mí dìde. Ó ní, “Díókílì, owó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́. Ta ló fẹ́ lọ gba wúrà padà lọ́wọ́ ọmọ ogun? Késárì fúnra rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀.”

Tíríférà dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin láti òwúrọ̀ títí ìrọ̀lẹ́. Wọ́n nà án dànù.

Ọjọ́ Júpítérì, ó ku ọjọ́ mẹ́rin

Ibà ni, wọ́n ní.

Ọjọ́ Sátúnì, ọ̀la ni ìlàjì Máàṣì

Wọ́n gbé e wá fún wa nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó. A sun ún lẹ́yìn odi. Iná kékeré ni. Kò pẹ́ rárá.

Akántísì wá lẹ́yìn ìyẹn. Kò sí ibà kankan, ó ní. Ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lówùúrọ̀. Ọkùnrin kan gbé ife wàrà olóyin wá. Ológoṣẹ́ tọ́ ọ wò, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó fa ètè wọnú. Wọ́n di imú rẹ̀ pa, wọ́n dà á sí i lẹ́nu. “Èmi ni wọ́n ní kí n gbé e lẹ́sẹ̀, bàbá, torí kì í bẹ̀rù mi.” Ó wá ní, “Èyí kì í ṣe òrìṣà. Mo lè sunkún èyí.” Ó sì sunkún, ó sunkún ti méjèèjì pọ̀, ó ń lu àyà rẹ̀ nínú ilé mi. Mo fẹ́ lé e jáde. Tíríférà ni kò jẹ́. Òun ló mú un lọ́wọ́.

Èmi ni mo fà á. Kì í ṣe Imú Idẹ, kì í ṣe Olorì. Èmi tí mo mọ ojú fín.

Ọjọ́ Òṣùpá, ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kí Épírì wọlé

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò wá bi mí.

Ọjọ́ Fénúsì, ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá kí Épírì wọlé

Òkúta kékeré kan, mo fi ọjọ́ mẹ́rin gbẹ́ ojú Ológoṣẹ́ sí i, mo ní kí ìyá rẹ̀ ṣáà rí ibi tó máa gbé wáìnì sí. Mo rì í mọ́lẹ̀ níbi ibojì rẹ̀ lánàá. Lónìí ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ibojì ránṣẹ́ pè mí. Ó yọ owó wúrà kan, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òkúta náà. Ó ní ojú òrìṣà nìyí, ṣé orí sàréè ẹrú ló yẹ kó wà? Ó ní ẹni tó bá sunkún níwájú ojú yìí ti sọ pé òrìṣà kú, mo sì mọ ìjìyà rẹ̀. Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní òun mọ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó na òòlù sí mi.

Mo fọ́ ọ. Orúkọ nìkan ló kù.

Ọjọ́ Mákúríù, ọjọ́ kìíní Épírì

Láti ọjọ́ mẹ́jọ ni Tíríférà ti ń jáde láàárọ̀ kùtù, tí kì í sọ ibi tó ń lọ. Mo tẹ̀ lé e lónìí.

Wọ́n ti gbé ère òrìṣà tuntun sí ojúde ìlú, òkúta funfun, ó ga ju ènìyàn lọ. Inú owó mi ni ẹni tó gbẹ́ ère náà ti wo ojú rẹ̀. Ètè náà wà níbẹ̀, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Ìyàwó mi ló dúró sí iwájú gbogbo àwọn obìnrin, ó gbé wàrà lọ́wọ́, ó ń wo ojú náà, kò ṣẹ́jú. Àlùfáà rí mi tí mò ń wò ó, kò mọ̀ pé èmi ni mo fẹ́ ẹ. Ó ní ìyá yìí ló ń kọ́kọ́ dé lójoojúmọ́, òun ló ń kẹ́yìn lọ. Ó ní àwọn ti fi í ṣe olórí àwọn obìnrin tó ń gbá ojúbọ, torí kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ ń dùn sí òrìṣà bíi tirẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣáà wo ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.”

Òótọ́ ni. Eyín rẹ̀ funfun báláú. N kò tíì rí ẹ̀rín tó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo lọ dúró tì í. Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, omi ti kún mi lójú. Kò yíjú sí mi. Ó sọ ọ́ láàárín eyín, ẹ̀rín náà ò kúrò níbẹ̀.

“Ẹ rẹ́rìn-ín, Bàbá Ológoṣẹ́. Wọ́n ń wò wá.”

Mo rẹ́rìn-ín.